Mítà ìyá mi kọ tókìn: owó ti lọ, iná ò dé

Ọmọ_Ọ̀bàIlé

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ iná ni mo gbé wá, ẹ má bínú.

Àkúrẹ́ ni ìyá mi ń gbé, èmi wà ní Èkó. Èmi ni mo máa ń ra iná fún wọn lórí áàpù báńkì mi. Màá fi nọ́ńbà tókìn ránṣẹ́ sórí fóònù wọn, ọmọ aládùúgbò kan á wá bá wọn tẹ̀ ẹ́ sínú mítà. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ní 2024, Màmá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú ní Ìbàdàn, wọ́n sì jókòó sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbẹ̀ títí di ẹ̀yìn Ọdún Àjíǹde. Ilé wà ní títì pa. Ìgbà tí wọ́n padà dé, yúníìtì tó kù nínú mítà ò pẹ́ tán, mo ra tuntun. Mítà kọ ọ́. A rọra tún un tẹ̀, ó tún kọ ọ́. Mo ra òmíràn, ìyẹn náà ò wọlé.

Mo pe iléeṣẹ́ tó ń pín iná. Ẹ̀rọ ló gbé e, ó ní kí n tẹ 1 fún Gẹ̀ẹ́sì, kí n tẹ 2 fún Yorùbá. Mo tẹ 2, inú mi ń dùn. Orin ni wọ́n ń kọ fún mi títí owó fóònù mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ sì mọ ohun tí owó ìpè ti dà láti oṣù kìíní 2025 tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ fóònù, ti gbà kí wọ́n fi tó 50% lé e. Nígbà tí èèyàn máa gbé e, Gẹ̀ẹ́sì ló fi kí mi. Ó ní tókìn náà dára, kí n lọ bá báńkì. Báńkì ní àwọn ti sanwó fún iléeṣẹ́ iná, kí n lọ bá wọn. Mo padà síbẹ̀, wọ́n ní á jẹ́ pé mítà ló bàjẹ́ nìyẹn, kí oní-mítà wá kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì. Mo ní ta ni oní-mítà? Wọ́n ní iléeṣẹ́ ló ni mítà, ṣùgbọ́n Màmá ni kó kọ lẹ́tà.

Màmá ti lé ní 70. Oògùn àtọ̀gbẹ tí wọ́n ń gún sára wà nínú fìríìjì aládùúgbò báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ti rí irú èyí rí?

Jẹ́jẹ́Layé

Tẹ 2 fún Yorùbá, tẹ 3 fún sùúrù, tẹ 4 kí o lọ ra àbẹ́là. Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí Màmá.

Wáyàmáànù

Ọ̀gá Ọ̀bàIlé, ẹ fọkàn balẹ̀, ó jọ pé mo mọ ohun tó ń ṣe é. Iṣẹ́ wáyà ni mò ń ṣe, irú ọ̀rọ̀ yìí ò sì tíì kúrò lọ́wọ́ mi láti ìparí 2024.

Mítà yẹn ò bàjẹ́. Kíkà ló tán nínú rẹ̀. Nínú gbogbo tókìn olójú 20 tí ẹ ń rà, wọ́n fi àkókò tí wọ́n ṣe é pamọ́ sínú nọ́ńbà náà. Òun ni mítà fi ń mọ̀ pé èyí kì í ṣe tókìn tí ẹ ti lò tẹ́lẹ̀. Ìṣẹ́jú ni wọ́n ń kà, láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1993. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkà náà ò ju bíìtì 24 lọ, ìyẹn ni pé tó bá ti dé 16,777,216 ìṣẹ́jú, ó parí. Ẹ ṣírò rẹ̀, kò pé ọdún 32. Ọjọ́ 24 oṣù kọkànlá 2024 ló pé gẹ́lẹ́. Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan o, gbogbo mítà tó ń ka láti 1993 nínú ìlànà tí wọ́n ń pè ní STS ló kàn, láti Gúúsù Áfíríkà tí ìlànà náà ti ṣẹ̀ wá títí dé ẹ̀yìnkùlé Màmá.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n gbé ìbẹ̀rẹ̀ kíkà wá sí 2014. Mítà ò lè mọ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ nọ́ńbà méjì kan tí wọ́n ń pè ní KCT (tókìn tó ń yí kọ́kọ́rọ́ inú mítà padà) sínú rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan olójú 20. Ẹ tẹ àkọ́kọ́, ẹ tẹ bọ́tìnnì tí ẹ fi ń mú tókìn wọlé, ẹ dúró kó gbà á. Ẹ tẹ èkejì, ẹ tún dúró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí ẹ wá tẹ tókìn gan-an. Ẹ má fi èkejì ṣáájú àkọ́kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa ṣe é.

Ọ̀fẹ́ ni. Ẹni tó bá ní kí ẹ mú owó KCT wá, ẹ wo ojú rẹ̀ dáadáa.

Ọmọ_Ọ̀bàIlé

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Ṣùgbọ́n ibo ni mo ti máa rí nọ́ńbà méjì yẹn? Ẹyọ kan ṣoṣo ni áàpù fún mi.

ÌyáÌbejì_Mọ́kọlá

Ibẹ̀ gan-an ni ejò wà! Áàpù tí èmi fi ń ra iná, nọ́ńbà kan náà ló máa ń fi hàn, pẹ̀lú àmì àwọ̀ ewé pé ó ti yọrí. Mo sáré káàkiri títí mo fi dé ọ́fíìsì wọn. Ọmọbìnrin kan tó wà níbẹ̀ (Ọlọ́run á bá mi bù kún un) tẹ nọ́ńbà mítà mi sínú kọ̀ǹpútà, nọ́ńbà mẹ́ta ló yọ lórí rísíìtì. Méjì tó ṣáájú ni KCT. Láti ìgbà tí mo ti ra tókìn àkọ́kọ́ lẹ́yìn oṣù kọkànlá ni wọ́n ti ń fi ránṣẹ́, áàpù ló ń gé e dànù, nítorí wọn ò ṣètò àyè fún ju nọ́ńbà kan lọ.

Ẹ wá rò ó wò. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn o. Báńkì sanwó lóòótọ́. Iléeṣẹ́ fi tókìn ránṣẹ́ lóòótọ́. Mítà kọ ohun tí kò yé e. Gbogbo wọn ló jàre, èmi nìkan ni mo wà nínú òkùnkùn pẹ̀lú àwọn ìbejì tí ọ̀kan ń sunkún, tí èkejì ń bá a gbè é.

Ẹ wọ inú áàpù yẹn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń gba rísíìtì sórí fóònù. Nígbà mìíràn wọ́n máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ pátápátá. Bí kò bá sí, ẹ rán ẹnì kan lọ sí ọ́fíìsì wọn pẹ̀lú nọ́ńbà mítà. Ẹ sọ fún ẹni náà pé KCT ló wá gbà, kó má sọ pé mítà bàjẹ́ o. Tó bá ti lè ní "mítà bàjẹ́," fọ́ọ̀mù ni wọ́n máa gbé lé e lọ́wọ́.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Ẹ jẹ́ kí n dá sí i díẹ̀. Nígbà tí mo wọ iṣẹ́ náà, NEPA ló ń jẹ́. Ó di PHCN lójú mi ní 2005. Mo wà níbẹ̀ títí dọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá 2013 tí wọ́n fà á lé àwọn aládàáni lọ́wọ́, tí wọ́n sì ní kí àwa máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ kíkà yìí kì í ṣe àṣírí. Ẹni tó bá ń ta mítà tí kò mọ̀ pé 2024 ń bọ̀, kò mọ ọjà tó ń tà. Ọjọ́ tí wọ́n ti yan bíìtì 24 ni ọjọ́ náà ti wà níbẹ̀ tó ń dúró de gbogbo wa. Kí n má parọ́ mọ́ wọn, wọ́n kéde. Wọ́n sọ ọ́ lórí rédíò, wọ́n fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, wọ́n gbé e sórí X. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù ta ló wà lọ́wọ́ wọn? Ní ilé púpọ̀, nọ́ńbà lànlọ́ọ̀dù tó ti kú ló wà lórí ìwé. Ìyá ẹni 70 ọdún tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ní Ìbàdàn, X wo ló fẹ́ kà?

Nígbà tiwa, ẹnì kan wà tó ń wọ ojúlé dé ojúlé ka mítà. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan nínú wọn ń gba rìbá, òmíràn a máa jókòó sídìí ẹmu kó tó kọ iye tó bá wù ú. Ṣùgbọ́n ó mọ ilé tí arúgbó ń dá gbé. Wọ́n lé e lọ, wọ́n fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀, iṣẹ́ tó kù tí ẹ̀rọ ò lè ṣe wá bọ́ sọ́rùn ẹni tó ń ra iná. Màmá ti di òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ náà báyìí, wọn ò kàn tíì máa san owó oṣù fún wọn ni.

Àti pé kíkà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ láti 2014 yẹn, ọdún 2045 ni òun náà máa tán. Èmi ò retí láti wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ ti gbọ́ o.

Jẹ́jẹ́Layé

Bàbá, nínú oṣù wo ní 2045? Kí n ti máa ra kẹrosíìnì sílẹ̀.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Oṣù kọkànlá náà ni. Má ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.

AdéPeckham

Láti Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó sì ń ṣe mí ní kàyéfì. Lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, mítà prépéèdì ni tálákà ń sá fún. Ẹni tí kò bá lè san bílì ni wọ́n ń fi sí ojú ilé rẹ̀. Iléeṣẹ́ iná a lọ gbàwé lọ́wọ́ adájọ́, wọ́n á mú ẹni tó ń ṣí kọ́kọ́rọ́ dání, wọ́n á wọlé onílé fi mítà sí i bó fẹ́ bó kọ̀. Ní oṣù kejì 2023, ìwé ìròyìn The Times tú u síta pé àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún British Gas ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn aláàbọ̀ ara àti àwọn ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́. Ariwo pọ̀, Ofgem tó ń ṣàkóso wọn ní kí gbogbo iléeṣẹ́ dá a dúró ná.

Ohun tí wọ́n fẹ́ràn nínú rẹ̀ rèé. Bí wọ́n bá gé iná tálákà, ìwé ìròyìn á gbé e. Bí owó bá tán nínú mítà tálákà, kò sẹ́ni tó gé iná rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni kò ra á. Mo wá ń gbọ́ pé nílé, àwọn èèyàn ń fi owó ẹ̀yìn wá mítà kan náà yìí. Ẹ bá mi tú u.

Alákọ̀wé_Bódìjà

Bọ̀dá Adé, ó rọrùn láti tú. Ẹni tí kò ní mítà níhìn-ín, ìfojú-díwọ̀n ni wọ́n ń fi kọ bílì fún un. Wọn ò rí mítà, wọn ò wọlé, wọ́n á kàn jókòó kọ iye tó bá wá sí wọn lọ́kàn. Nǹkan bí ìdajì àwọn tó ń lo iná ni ò ní mítà. Ní 2020, NERC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná, fi ìwọ̀n sí iye tí wọ́n lè kọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ní oṣù kejì 2024, NERC kan náà bu owó ìtanràn bílíọ̀nù ₦10.5 lé gbogbo iléeṣẹ́ mọ́kànlá tó ń pín iná lórí, nítorí pé wọ́n ń kọ ju ìwọ̀n náà lọ láti oṣù kìíní sí oṣù kẹsàn-án 2023. Gbogbo wọn o, kò sẹ́ni tó mọ́ níbẹ̀. Ìdí tí a fi ń bẹ̀bẹ̀ fún mítà nìyẹn. Kì í ṣe pé a fẹ́ràn rẹ̀. Àwa ń sá fún ohun tó burú jù ú lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a sá lọ. Ní ọjọ́ 3 oṣù kẹrin 2024, wọ́n gbé owó yúníìtì kan fún àwọn tó wà ní Band A (ìpele tí iná wọn yẹ kó pọ̀ jù) láti ₦68 sí ₦225. Ní oṣù karùn-ún wọ́n dín in sí ₦206.80, ní oṣù keje ó tún gùn padà sí ₦209.50. Mo fẹ́ràn ìṣirò, ẹ jẹ́ ká ṣe é. ₦5,000: yọ VAT 7.5%, ó ku nǹkan bí ₦4,651. Ní ₦68, yúníìtì 68 lẹ máa rí. Ní ₦209.50, 22. Owó kan náà, mítà kan náà, fìríìjì kan náà.

Wọ́n ní nítorí pé àwọn á máa fún wa ní wákàtí 20 lójúmọ́ ni. Ohun tí àwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé àṣẹ NERC tó gbé owó sókè kan náà sọ pé, bí iléeṣẹ́ kò bá fún yín ní iye wákàtí yẹn fún ọjọ́ méjì léra, wọ́n gbọ́dọ̀ ṣàlàyé fún yín kó tó di aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e. Tó bá di ọjọ́ méje léra, kí wọ́n já ìlà yẹn sí ìpele tó yẹ ẹ́, kí owó náà wálẹ̀. Ẹ máa kọ wákàtí iná yín sílẹ̀. Èmi ń kọ ọ́ sínú ìwé kan tí mo so mọ́ ẹ̀gbẹ́ mítà, aya mi ní orí mi ti dàrú.

Jẹ́jẹ́Layé

Àdúgbò tiwa, wákàtí 20 náà máa ń pé. Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi ń pín in.

AlágaÀdúgbò

Ẹ̀yin ń sọ̀rọ̀ mítà. Ẹ gbọ́ ti trànsífọ́mà.

Èyí tó wà ládùúgbò wa bú gbàmù. A lọ sí iléeṣẹ́ iná, wọ́n ní kò sí owó, kí a fi orúkọ sílẹ̀. Òkùnkùn sú wa. Àwa lànlọ́ọ̀dù àti àwọn ayálégbé dáwó, oníṣọ́ọ̀bù dá, mọ́sáláṣí dá, ṣọ́ọ̀ṣì dá, ìyá oníṣẹ́ aṣọ tó wà ní ìkángun náà dá. A ra trànsífọ́mà tuntun, a pa àgbò. Wọ́n wá so ó, ọ̀gá wọn bá wa ya fọ́tò. Kò pẹ́, wọ́n fi ọ̀dà kọ orúkọ iléeṣẹ́ sí i lára. Trànsífọ́mà ti di tiwọn. A ò bínú, iná la ń wá.

Lẹ́yìn náà ni fíúùsì rẹ̀ jó. A pè wọ́n. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? "Alága, trànsífọ́mà yín ti ní ìṣòro, ẹ wá nǹkan ṣe sí i." Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ gba owó iná lórí rẹ̀, tiwọn ni. Nígbà tó bá jó, tiwa ni.

Ìgbà tí a ti náwó tán ni ọmọ lọ́yà kan wá sọ fún mi pé òfin wà. Láti 2015, NERC ti ní ìlànà pé bí àdúgbò bá fẹ́ fi owó ara wọn ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí àdúgbò àti iléeṣẹ́ kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé, kí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe máa dá owó náà padà síbẹ̀. Ẹni tó bá wọn ra á láìtọwọ́ bọ̀wé, ẹ̀bùn ló fún wọn. Nínú gbogbo àwọn tó wá jẹ ẹran àgbò yẹn, kò sẹ́ni tó mẹ́nu bà á fún wa.

Òótọ́Korò

Ẹ má bínú sí mi o, ṣùgbọ́n àwa náà ò mọ́. Ní òpópónà tiwa, mo lè fi ọwọ́ tọ́ka sí ilé tí wáyà ti gba ẹ̀yìn mítà kọjá. Ẹ́yà kọńdíṣọ̀n mẹ́ta, ẹ̀rọ ìlọta, mítà ò sì yí. Ta ló ń san owó yẹn? Èmi tí mo ń rà á ni. Ẹ máa bú iléeṣẹ́, ẹ bú ara yín náà.

Wáyàmáànù

Òótọ́ lẹ sọ, àwa tí à ń ṣiṣẹ́ wáyà la sì mọ̀ ọ́n jù. Wọ́n máa ń pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pé, "Mọlẹ́bí, bá wa yí i." Mi ò kì í ṣe é. Kì í ṣe ìwà mímọ́ nìkan ni mo fi ń sá fún un, mo ti rí ilé tó jóná níbi tí wọ́n ti ṣe é lóru pẹ̀lú wáyà tín-ín-rín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan. Ẹni tó kọ́kọ́ pè mí fún irú iṣẹ́ yẹn, tó sì ní òun á fún mi ní ìdá díẹ̀ lóṣooṣù, káàdì ìdánimọ̀ iléeṣẹ́ iná wà lọ́rùn rẹ̀.

AdéPeckham

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun kan kún ọ̀rọ̀ "mítà ni, kì í ṣe tókìn" yẹn. Níhìn-ín, láti 1999 títí dé 2015, kọ̀ǹpútà kan tó ń jẹ́ Horizon, tí Fujitsu ṣe fún iléeṣẹ́ Post Office, ń sọ pé owó dín lọ́wọ́ àwọn tó ń bójú tó ilé ìfìwéránṣẹ́ kéékèèké àdúgbò. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe àṣìṣe. Ó lé ní 900 èèyàn tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi. Àwọn kan ṣẹ̀wọ̀n, àwọn kan ta ilé san gbèsè tí wọn ò jẹ. Tí ẹnì kan bá pe nọ́ńbà ìrànlọ́wọ́, wọ́n á ní òun nìkan ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí. Oṣù karùn-ún 2024 ni òfin tó pa ẹ̀bi wọn rẹ́ tó jáde, àwọn mìíràn ti kú.

Ohun tó gbà wọ́n ni pé wọ́n rí ara wọn. Ẹnì kan ní, "Èmi náà!" Ẹlòmíràn ní, "Èmi náà!" Ìyáàbejì, bí ẹ ṣe sọ tiyín fún Ọ̀bàIlé yìí gan-an ni.

Ìlú_Ń_Dùn_Mí

Gbogbo yín ń yí i ká, ẹ ò fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Òṣèlú ni! Nígbà tí wọ́n ta àwọn iléeṣẹ́ tó ń pín iná ní 2013, 60% ni wọ́n tà, ìjọba àpapọ̀ di 40% mú. Ìjọba ni ìdákan nínú àwọn tó ń jẹ́ kí Màmá wà lókùnkùn, ìjọba náà ló tún gbé NERC kalẹ̀ láti gbà wá lọ́wọ́ wọn. Ẹ wo bọ́jẹ́ẹ̀tì 2025: bílíọ̀nù ₦10 láti fi sólà sí Aso Rock! Ẹni tó ní kí ẹ dúró de iná, òun fúnra rẹ̀ ò dúró dè é. Gírídì wó lulẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀mẹwàá lọ ní 2024, wọ́n ní ká fara dà á. Ẹgbẹ́ wo ló…

Alábòójútó

Mo ti gé ìparí ọ̀rọ̀ yìí àti èsì mẹ́rin tó tẹ̀ lé e. Ẹ sọ̀rọ̀ ìjọba bó bá ṣe wù yín, ẹ má bú ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹ tún rántí pé a ò gba orúkọ iléeṣẹ́ tàbí òṣìṣẹ́ kankan nínú ẹ̀sùn tara ẹni.

Ọmọ_Ọ̀bàIlé

Ìròyìn ayọ̀ o! Mo ní kí ọmọ aládùúgbò yẹn lọ sí ọ́fíìsì pẹ̀lú nọ́ńbà mítà tí mo kọ sórí ìwé, kó sì sọ pé KCT lòun wá gbà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde fún un láìjanpata. Ó dé, ó tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́, mítà gbà á. Ó tẹ èkejì, ó gbà á. Ó tẹ tókìn méjèèjì tó kọ́kọ́ kọ̀, méjèèjì wọlé. Màmá pariwo "Ọ́ọ̀p NẸ́PÀ!" lórí fóònù títí etí mi fi ń dún. Oògùn ti padà sínú fìríìjì wa. Ẹ̀gbọ́n Wáyàmáànù, ÌyáÌbejì, Ọlọ́run á san án fún yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀ràn kan kù. Ní oṣù kẹwàá 2024, mo ra tókìn ₦10,000 sílẹ̀ kí Màmá bá a nílé. Bí wọn ò ṣe tètè padà, a ò tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí a tẹ̀ ẹ́ báyìí, mítà kọ ọ́. Mo pè wọ́n, wọ́n ní ó ti kú.

Wáyàmáànù

Ó ti kú lóòótọ́ ní ti mítà. Kọ́kọ́rọ́ àtijọ́ ni wọ́n fi tì í, KCT sì ti yí kọ́kọ́rọ́ padà. Kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ tó máa wọlé. Owó náà kọ́ ló kú o. Wọ́n rí i nínú kọ̀ǹpútà wọn pé ẹ rà á. Ẹ ní kí wọ́n ṣe òmíràn fún yín ní iye kan náà.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Ẹnu ò tó níbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ kọ nọ́ńbà mítà, ọjọ́ tí ẹ rà á, iye owó, nọ́ńbà tókìn náà, kí ẹ so rísíìtì báńkì mọ́ ọn. Ẹ ṣe é ní méjì. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí èyí tó máa wà lọ́wọ́ yín. Òṣìṣẹ́ tó bá ń fi ẹnu dá yín lóhùn ń retí kí ó sú yín, ṣùgbọ́n bó bá ti lu òǹtẹ̀ mọ́ ìwé, ó mọ̀ pé ẹnì kan lè wá bi òun.

Bí wọn ò bá dáhùn, ibi tí ẹ máa gbé e lọ ti yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Oṣù kẹta 2023 ni wọ́n tún òfin ìlú ṣe, Òfin Iná sì tẹ̀ lé e ní oṣù kẹfà ọdún náà, tó fi jẹ́ pé ìpínlẹ̀ lè máa ṣàkóso iná tirẹ̀. Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ NERC ní 2024, pẹ̀lú Èkìtì. Nítorí náà, àjọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni kí ẹ kọ̀wé sí. Bí ẹ bá kọ ọ́ sí Àbújá, wọ́n á ní kí ẹ padà sílé.

ÌyáÌbejì_Mọ́kọlá

Bàbá, àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́ ńkọ́? Ọ̀tọ̀ ni ẹni tí wọ́n ní ká lọ bá lọ́dún tó kọjá.

Akọ̀wéFẹ̀yìntì

Ọ̀yọ́ náà ti ní àjọ tirẹ̀. Ẹ lọ bá wọn, ẹ mú ẹ̀dà tó ní òǹtẹ̀ dání.

Ọmọ_Ọ̀bàIlé

Màmá ti kọ lẹ́tà náà fúnra wọn. Olùkọ́ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ojúewé méjì ni wọ́n kọ, Yorùbá pọ́ńbélé. Òṣìṣẹ́ tó gbà á ní kí wọ́n lọ túmọ̀ rẹ̀. Màmá ní kó pe nọ́ńbà wọn kó tẹ 2. Ó lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn. A ṣì ń retí èsì.

AdéPeckham

Ẹ kú iṣẹ́, Màmá! Wàyí o, Ẹ̀gbọ́n Wáyàmáànù, mo ní ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde tó wà ní títì láti 2023. Yúníìtì wà nínú mítà, n kò tíì ra òmíràn. Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀ wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ. Ṣé tèmi náà máa kọ̀ ni?

Wáyàmáànù

Yúníìtì tó wà nínú rẹ̀ ò ní lọ síbì kankan, ẹ máa lò ó. Èyí tí ẹ bá rà lẹ́yìn rẹ̀ ni mítà máa kọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan bá yín gba KCT báyìí, kó sì tẹ̀ ẹ́ sí i kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá ní tókìn àtijọ́ kan lọ́wọ́, ẹ lọ gbé e fún wọn kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Oṣù Kejìlá tí gbogbo yín bá dé, èrò ọ́fíìsì wọn kì í ṣe kékeré. Tí ẹ ò bá ní ẹnìkan nítòsí, ẹ fi nọ́ńbà mítà ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀, mo ní ọmọṣẹ́ kan ní Ìjẹ̀bú. Ẹ má kọ ọ́ síbí o.